Ta Ló Wà Nísàlẹ̀? Ìtàn Ìwé-Ẹ̀rí Hẹlikọ́pítà Kékeré

Bí ẹ bá dúró ní oríta Allen, tí ẹ kọjú sí Opebi, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó dé Salvation Road. Ilé gbígbé àti ọ́fíìsì ti dà pọ̀ mọ́ra níbẹ̀, ògiri ilé kan ń fẹ̀yìn ti ìkejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2020, hẹlikọ́pítà kan já bọ́ sí àárín àwọn ilé yẹn. Bell 206 ni, 5N-BQW sì ni àmì ìforúkọsílẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Port Harcourt ló ti ń bọ̀, Ìkẹjà ló ń bọ̀ wá balẹ̀ sí. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló kú. Orí ló kó àwọn ará ilé yọ.

Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Allen, ìró hẹlikọ́pítà kì í ṣe tuntun létí wa. Yóò kọjá lórí òrùlé, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Kò sẹ́ni tó ń gbójú sókè béèrè pé, "Ta ló yẹ èyí wò? Ta ló fọwọ́ sí i pé kó máa fò?" Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé Paris ọdún 1919, ó gbé wa dé Chicago, ó sì gbé wa dé Oshkosh ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kéde ní oṣù keje ọdún 2025 pé òfin tó de ọkọ̀ òfúrufú kékeré máa rọrùn sí i. Ìtàn òfin lásán kọ́ la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, torí àwa la wà nísàlẹ̀.

Ìwé tó jọ ti mọ́tò

Gbogbo ẹni tó ní mọ́tò l'Ékòó ló mọ ìwé roadworthiness. Bí VIO bá dá ẹ dúró, tó o ò rí i mú jáde, o mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Hẹlikọ́pítà náà ní tirẹ̀, certificate of airworthiness ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìwé-ẹ̀rí fífò.

Àmọ́ ìwé-ẹ̀rí fífò jinlẹ̀ ju ti mọ́tò lọ. Ìpele mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́, ìjọba á yẹ àpẹẹrẹ ọkọ̀ náà wò látìbẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe yàwòrán rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, bí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ ṣe lágbára tó, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá kú lófúrufú. Èyí ni ìwé-ẹ̀rí irú ọkọ̀ náà. Ìkejì, wọ́n á yẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó jáde wò bóyá ó bá àpẹẹrẹ yẹn mu. Ìkẹta, wọ́n á máa ṣọ́ ìtọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ tí kò bá ní fò mọ́. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dáadáa: àwòrán ètò, ètò fúnra rẹ̀, àti àtúnṣe tí kì í tán. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí áàpù tiwa bá kú, oníbàárà á bínú, á pa á, á sì tún un ṣí. Hẹlikọ́pítà ò ṣeé pa kí a tún un ṣí lókè Opebi.

Ọdún 1919 ni àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fẹnu kò sí i ní Paris pé ọkọ̀ òfúrufú tó bá máa kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí fífò láti ọwọ́ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1944, wọ́n ṣe àdéhùn mìíràn ní Chicago, òun la ṣì ń lò títí dòní. Abala 31 àdéhùn náà tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ní 1949, àjọ ICAO tó ń bójú tó àdéhùn náà gbé Annex 8 jáde, ìwé tó ń ṣàlàyé ohun tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní kí a tó lè sọ pé ó yẹ láti fò. Nàìjíríà wọ àjọ náà ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, oṣù kan lẹ́yìn òmìnira. Kí a tó gba òmìnira, VR-N ló máa ń wà lára ọkọ̀ òfúrufú ilẹ̀ wa. Nígbà tó yá ló di 5N.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan: ọkọ̀ tó ń kọjá ẹnubodè ni àdéhùn yẹn ń bá wí. Kódà, ìlànà Annex 8 lórí hẹlikọ́pítà òde òní kò kan èyí tí ìwúwo rẹ̀ kò ju 750 kìlò lọ. Ìyẹn ni pé hẹlikọ́pítà kékeré tó ń fò láàárín ìlú, ọwọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ayé fi í sí. Ibi tí ìrọ̀rùn ti ráyè wọlé nìyẹn.

Bàálù agbérapàá

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1946, ìjọba Amẹ́ríkà fún Bell 47 ní ìwé-ẹ̀rí. Òun ni hẹlikọ́pítà àkọ́kọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí fún lílò ará ìlú, nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà sì ni H-1. Láti ìgbà náà ni àwọn aṣòfin ti mọ̀ pé òfin bàálù lásán kò lè tó o. Bàálù ní apá, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú, apá yẹn á ṣì máa gbé e díẹ̀díẹ̀ lọ. Hẹlikọ́pítà ò ní apá. Abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ ni apá rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tètè yí ọwọ́ padà kí atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lè máa yí abẹ̀bẹ̀ náà, kó lè rọra balẹ̀. Ó ṣeé ṣe, wọ́n ń kọ́ gbogbo awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àmọ́ ó nílò gíga tó tó, ó tún nílò ilẹ̀ gbalasa láti balẹ̀ sí. Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa fún wa láàárín Allen àti Opebi.

Ní Nàìjíríà, epo rọ̀bì ló gbé hẹlikọ́pítà wá. Ilé-iṣẹ́ Bristow ti ń fò níbí láti 1960, tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sórí omi. Àwọn yẹn, ọkọ̀ ńlá ni, abẹ́ òfin ńlá ni wọ́n sì wà. Hẹlikọ́pítà tí ẹni kan lè rà fún ara rẹ̀, ìtàn ọ̀tọ̀ ni.

Frank Robinson ló pọ̀ jù nínú ìtàn ọ̀tọ̀ yẹn. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ hẹlikọ́pítà ńláńlá, ó fẹ́ ṣe kékeré tí owó rẹ̀ kò ní ga jù, wọn ò dá a lóhùn. Ní 1973, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán tirẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní California. Ní oṣù kẹta ọdún 1979, R22 rẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí: ìjókòó méjì, ìwúwo tí kò ju bíi 622 kìlò lọ. Inú yàrá ilé la ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tiwa náà, torí náà ìtàn Robinson dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ R22 fúyẹ́, bí awakọ̀ bá ṣi ọwọ́ mú, kì í pẹ́ kó tó dẹwọ́ yíyí. Jàǹbá pọ̀ débi pé ní 1995, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin àkànṣe, SFAR 73, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wa R22 àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ R44 láìgba ẹ̀kọ́ àfikún. Ọkọ̀ náà kékeré, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ pé, síbẹ̀ kò rọrùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí òfin ṣe ń fúyẹ́ sí i

Lónìí, ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, hẹlikọ́pítà tí kò bá wúwo ju 3,175 kìlò lọ, tí kò sì gbà ju èrò mẹ́sàn-án lọ, òfin kan náà ló wà fún un. Part 27 ni Amẹ́ríkà ń pè é, CS-27 ni Yúróòpù ń pè é. Ẹ wò ó dáadáa: R22 oníjòókòó méjì àti ọkọ̀ tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún, abẹ́ òfin kan náà ni wọ́n kó wọn sí. Owó tí ilé-iṣẹ́ kékeré máa ná kó tó gba ìwé-ẹ̀rí yẹn kì í ṣe kékeré. Ohun tó máa ń tìdí rẹ̀ yọ ni pé àwọn èèyàn á máa lo àpẹẹrẹ àtijọ́. Bell 206 tó já bọ́ ní Opebi, ọdún 1966 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí. Nǹkan tuntun tó lè gba ẹ̀mí là á ti wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n máa kọ kí wọ́n tó fi sínú ọkọ̀ á wọ́n ju nǹkan náà lọ. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti tún kóòdù ọlọ́gbọ̀n ọdún ṣe ní báńkì mọ irú ìṣòro yìí.

Torí náà, àwọn tó ń pariwo pé kí òfin fúyẹ́ kì í ṣe aláìláàánú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ní 1992, Amẹ́ríkà dá ìpele kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní primary category. Hẹlikọ́pítà wà nínú rẹ̀, bí kò bá ju 2,700 pọ́ùn lọ (bíi 1,225 kìlò), tí kò sì ju ìjókòó mẹ́rin lọ. Ìyẹ̀wò rẹ̀ fúyẹ́ ju ti Part 27 lọ. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ gbé ẹnikẹ́ni gbowó. Ní 2004, wọ́n tún dá ìpele light-sport sílẹ̀ fún ọkọ̀ tí kò ju 600 kìlò lọ. Níbẹ̀, ìjọba kì í yẹ àpẹẹrẹ ọkọ̀ wò mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti tẹ̀lé ìlànà tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí, á sì fọwọ́ sí i. Wọ́n yọ hẹlikọ́pítà kúrò nínú ìyẹn.

Yúróòpù gba ọ̀nà ìtọ́jú wọlé. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2020 ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní Part-ML ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gba hẹlikọ́pítà tí kò ju 1,200 kìlò àti ènìyàn mẹ́rin lọ. Onílé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè kọ ètò ìtọ́jú ọkọ̀ rẹ̀, kó sì kéde pé ojúṣe òun ni. R44 bọ́ sínú rẹ̀. Bell 206 kò bọ́ sínú rẹ̀, torí ìwúwo tirẹ̀ lè tó 1,451 kìlò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé-àṣẹ láti máa kó èrò kò lè lo òfin náà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé Oshkosh. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde òfin MOSAIC. Ó fẹ ìpele light-sport lójú, ó sì ṣílẹ̀kùn fún hẹlikọ́pítà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2026 ni wọ́n dá fún apá tó kan ìwé-ẹ̀rí ọkọ̀. Ní kúkúrú, ilé-iṣẹ́ tó ṣe hẹlikọ́pítà kékeré lè fọwọ́ ara rẹ̀ kéde pé ó dára.

Ẹni tó kọ ọ́ ló fọwọ́ sí i

Ibí yìí ni iṣẹ́ wa ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé. Ní ọ́fíìsì wa, òfin kan wà tí a kì í tẹ̀: ẹni tó kọ kóòdù kọ́ ló máa fọwọ́ sí i pé kó jáde. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á. Kì í ṣe pé a rò pé ẹnì kejì wa ń purọ́. Ẹni tó kọ nǹkan kì í sábà rí àṣìṣe ara rẹ̀. Á kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lá máa rí, kò ní rí ohun tó wà lórí ìwé.

Ká má purọ́, àwọn tó ṣe òfin wọ̀nyí mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí òfin tó fúyẹ́ fi máa ń ní ìdá kejì. Bí ìjọba bá dín ìyẹ̀wò ọkọ̀ kù, á dín ibi tí ọkọ̀ lè dé kù, tàbí ohun tó lè fi ṣe. Ọkọ̀ primary kò gbọ́dọ̀ gbowó lọ́wọ́ èrò. Ọkọ̀ tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn nílé ní Amẹ́ríkà, tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ ti ìdánwò, láti ọjọ́ pípẹ́ ni òfin ti ní kò gbọ́dọ̀ fò lórí ibi tí èrò pọ̀ sí láìgba àṣẹ. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà fi irú ìdè yẹn sára àwọn ọkọ̀ tó ń lo permit to fly fún ọdún gbọọrọ.

Ẹ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ ewu tó gbé lé ara rẹ̀ lórí. Ọ̀rẹ́ tó bá wọlé tì í lè bi í ní ìbéèrè, ó sì lè sọ pé òun ò lọ. Àmọ́ ìyá tó ń din àkàrà nísàlẹ̀ kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Àdéhùn tó wà nínú òfin fífúyẹ́ ni pé ewu náà kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbà á. Bí a bá mú ìdá àkọ́kọ́ nínú àdéhùn yìí wá sílé, tí a fi ìdá kejì sílẹ̀ ní Wisconsin, ọ̀fẹ́ la fún olówó, gbèsè la fún aládùúgbò.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀. NCAA ló ń ṣọ́ ọ, apá karùn-ún ìwé ìlànà rẹ̀ tí a ń pè ní Nig.CARs ló dá lórí ìwé-ẹ̀rí fífò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ òfúrufú tirẹ̀ ṣe ẹsẹ̀ rìn láìgbowó máa gba ìwé-àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní PNCF. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NCAA dá PNCF àwọn mẹ́ta dúró torí wọ́n ń fi í gbé èrò gbowó. Kábúkábú òfúrufú ni, kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́. Gbogbo òfin fífúyẹ́ tí a kà sókè yìí, orí ọ̀rọ̀ kan ló dúró lé: "àdáni". Bí àdáni bá di kábúkábú lójú wa, orí kí ni òfin náà fẹ́ dúró lé?

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà níbẹ̀ tí kò yẹ ká gbàgbé. Ní 2007, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan ní Kánò, Mubarak Muhammad Abdullahi, fi àlòkù irin àti ẹ́ńjìnnì Honda Civic kan hẹlikọ́pítà. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Ọkọ̀ náà gbéra nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà méje. Àwa rẹ́rìn-ín nígbà náà, àwa mìíràn yangàn. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dìde lónìí ní Agége, ìlẹ̀kùn wo ló máa kàn? Òfin tó ní kó ná owó tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń ná ti lé e lọ kó tó dé. Òfin tó bá ní kó lọ dán an wò ní pápá tó jìnnà sílé, lójú olùbẹ̀wò, láìgbé èrò, á sọ ọ́ di ẹnjiníà. NASENI pàápàá ti bá Dynali, ilé-iṣẹ́ hẹlikọ́pítà kékeré ti Belgium, ṣe àjọṣe lórí hẹlikọ́pítà tí wọ́n fẹ́ máa ṣe nílé. Bí ìyẹn bá máa dúró, a nílò ìpele òfin tó bá ọkọ̀ kékeré mu.

Ìwé-ẹ̀rí nìkan náà ò lè gbà wá. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Herbert Wigwe àti ènìyàn márùn-ún mìíràn kú nínú hẹlikọ́pítà EC130 ní California, ní ilẹ̀ tí òfin rẹ̀ nípọn jù. Ojú ọjọ́ kò dára lálẹ́ ọjọ́ náà, awakọ̀ sì ń fojú ríran wa ọkọ̀ lọ. Ìwé-ẹ̀rí fífò jẹ́ okùn kan nínú okùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n òun ni okùn tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè fojú rí, tí kò sì lè béèrè.

Torí náà, ibi tí a dúró sí rèé. A fẹ́ kí òfin hẹlikọ́pítà kékeré fúyẹ́ ní Nàìjíríà. Àmọ́ kí ìdá méjèèjì rẹ̀ jọ wọlé. Kí ọkọ̀ tó gba ìyẹ̀wò fífúyẹ́ má gbé èrò gbowó, kí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pàdánù ìwé rẹ̀. Kí ó má fò lórí Ìkẹjà, Agége, Mushin àti irú wọn bí kò bá sí àṣẹ. Ọ̀sà àti òkun wà l'Ékòó, wọ́n lè la ọ̀nà rẹ̀ gba ibẹ̀. Kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹni tó ṣe ọkọ̀, tí kì í sì í ṣe ẹni tó ni ín, máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Kí wọ́n sì gbé ìwé-ẹ̀rí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan síbi tí ará ìlú ti lè rí i. Ìyẹn ò le. Ká tẹ 5N àti lẹ́tà mẹ́ta sínú fóònù, kí a rí ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Àwa tí a wà ní Allen lè kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹni tó ni àkọsílẹ̀ bá ṣí i sílẹ̀.

Ní ọ̀sán àná, òmíràn tún kọjá lórí òrùlé wa. A gbójú sókè. Ó ti kọjá lọ kí a tó lè ka lẹ́tà tó wà lára rẹ̀.